Ọkọ̀ náà ní oríkì: ọ̀rọ̀ lórí wíwá páàtì jíìpù àtijọ́

Bí ẹ bá wà nínú ọkọ̀ báyìí, tí ẹ ń gbọ́ ariwo kan lábẹ́ rẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ lánàá, ẹ yí rédíò sókè díẹ̀, ọ̀rọ̀ tòní lè kàn yín.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ni jíìpù tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ tẹ́lẹ̀. Toyota Land Cruiser ni, aláwọ̀ ewé tó ti ń ṣá. Tòkunbọ̀ ni: Bẹ́ljíọ̀mù ló ti wọ ọkọ̀ ojú omi, Kútọnu ló ti sọ̀, Sẹ̀mẹ̀ ló gbà wọlé, nígbà tí ìjọba ò tíì fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀. (Oṣù kìíní ọdún 2017 ni òfin yẹn bẹ̀rẹ̀.) Nígbà tí ojú bàbá náà kò gbé ọkọ̀ wíwà mọ́, wọ́n pè mí, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní, "Ọkọ̀ yìí kì í kú." Òótọ́ ni wọ́n sọ, kì í kú. Ó kàn máa ń ṣàìsàn ni.

Àìsàn àkọ́kọ́ tó ṣe lọ́wọ́ mi, omi ló ń jò. Mẹkáníìkì ní wọ́tà pọ́ọ̀pù ti lọ, kí n lọ ra òmíràn. Mo gbéra, ó di Gate n'Ìbàdàn, ọjà Aráròmí tí wọ́n ti ń ta páàtì ọkọ̀. Mo dé ìsọ̀ kan, mo ní, "Ẹ bá mi mú wọ́tà pọ́ọ̀pù Land Cruiser." Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ò tiẹ̀ dìde. Ó ní, "Ọ̀gá mi, Land Cruiser èwo?" Mo ní, "Ti àtijọ́ ni." Ó ní, "Àtijọ́ èwo? FJ ni àbí FZJ? Ṣé bẹntiróòlù ló ń mu ni àbí dísẹ́ẹ̀lì?" Mo dúró bí ọmọ tí wọ́n ní kó ki ìyá ìyá rẹ̀ tí kò mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀. Ojú tì mí, mo nawọ́ sí ọ̀kan tó jọ èyí tí mo rí nínú ọkọ̀, mo sanwó. Nígbà tí mo gbé e délé, ihò bóòtù rẹ̀ ò bá ti ẹ́ńjìnnì mu. Mo gbé e padà, wọ́n fi ohun tí wọ́n tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ risíìtì hàn mí: ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Wọ́tà pọ́ọ̀pù yẹn wà lórí tábìlì mi dòní. Mo fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má gbé e.

Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé jíìpù àtijọ́ ní orúkọ tí gbogbo ayé fi ń pè é lójú títì, ó sì ní oríkì. Páàtì rẹ̀ ò wọ́n tó bí a ṣe ń pariwo. Ká mọ ohun tí a fẹ́ béèrè gan-an ló wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí Land Cruiser yìí, torí òun ló wà lọ́wọ́ mi, òun náà ló sì pọ̀ lójú ọ̀nà wa. Ọdún 1951 ni Toyota ṣe bàbá ńlá rẹ̀, tí wọ́n pè ní Jeep BJ. Ní 1954 wọ́n sọ ọ́ ní Land Cruiser. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń bí i ní ìran-ìran: ìran 40 jáde ní 1960, ìran 60 ní 1980, ìran 70 ní 1984 (èyí tí wọ́n ṣì ń ṣe títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí), ìran 80 ní 1990, ìran 100 ní 1998. Tèmi, ìran 80 ni. Lójú ẹni tó dúró sí bọ́sítọ́ọ̀pù, Land Cruiser ni gbogbo wọn. Lójú ẹni tó ń ta páàtì, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà rárá.

Ìran 80 fúnra rẹ̀ tún pín. Èyí tí wọ́n kọ FJ80 sí lára, ẹ́ńjìnnì lítà mẹ́rin ló wà níkùn rẹ̀, bẹntiróòlù ló ń mu. FZJ80 ló dé lẹ́yìn ìyẹn, òun gbé ẹ́ńjìnnì 1FZ, lítà mẹ́rin àbọ̀, bẹntiróòlù bákan náà. HZJ80 ń mu dísẹ́ẹ̀lì, 1HZ lorúkọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, lítà 4.2. HDJ80 náà ń mu dísẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n túbò wà lára tirẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe to lẹ́tà wọ̀nyí: lẹ́tà iwájú ń sọ ìdílé ẹ́ńjìnnì, J ń sọ pé ọmọ Land Cruiser ni, nọ́ńbà tó kẹ́yìn ń sọ ìran. Bí oríkì orílẹ̀ ló rí. Kó tó kan ẹni tí o jẹ́, ó ti sọ ilé tí o ti wá.

Níbo la ti ń rí i kà? Ẹ ṣí bóńẹ́ẹ̀tì. Lára ògiri irin tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ibi tí awakọ̀ ń nasẹ̀ sí, irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n tẹ lẹ́tà sí. Ìdọ̀tí àti òróró sábà máa ń bò ó. Ẹ fi àkísà nù ún. Lórí rẹ̀ ni ẹ ó ti rí oríkì ọkọ̀, nọ́ńbà ṣáásì, ẹ́ńjìnnì, kódù àwọ̀ ọ̀dà, kódù aṣọ àga, àti kódù gíà òun irin ẹsẹ̀ (èyí tó so táyà méjèèjì pọ̀). Ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀. Mo tún kọ tèmi sẹ́yìn àpòòwé tí mo ń kó pátíkúlà sí, torí fóònù lè kú nínú ọjà.

Ẹnìkan lè ní, ṣé ìran ọkọ̀ nìkan ò tó? Kò tó. Àárín ìran kan náà, wọ́n máa ń yí nǹkan padà láìpariwo. Àwọn FJ80 tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà ní 1991 àti 1992, dúrọ́ọ̀mù ni bíréèkì ẹ̀yìn wọn. Láti ti 1993 lọ, dísíìkì ni. Ẹ fojú inú wo ẹni tó wakọ̀ láti Òṣogbo lọ sí Èkó, tó ra páàdì ẹ̀yìn fún ọkọ̀ tí kò lo páàdì lẹ́yìn.

Orúkọ tún wà tó ń da orí rú. Ọkọ̀ kan náà lè ní orúkọ mẹ́ta sí mẹ́rin ní orílẹ̀-èdè mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹni tí kò bá sì mọ̀ á máa wá ọ̀kan, á máa fo ìkejì kọjá. Jíìpù tí a mọ̀ sí Mitsubishi Pajero, Shogun ni wọ́n ń pè é nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Montero ni l'Ámẹ́ríkà. (Ọ̀rọ̀ àlùfàǹṣá ni Pajero lédè Spéènì. Ẹ má bi mí ní ìtumọ̀ rẹ̀, orí afẹ́fẹ́ la wà.) Isuzu Trooper ń jẹ́ Monterey lọ́wọ́ Opel, ó ń jẹ́ Jackaroo lọ́wọ́ àwọn ará Ọsirélíà, ó tún ń jẹ́ Acura SLX l'Ámẹ́ríkà. Hilux Surf tí wọ́n ń gbé kúrò ní Jàpáánù, 4Runner wa ni. Nissan Patrol, Safari ni ní Jàpáánù. Ìran 80 tí mo ń sọ náà ní ìbejì kan, Lexus LX 450, tí wọ́n tà l'Ámẹ́ríkà ní 1996 àti 1997. FZJ80 ni lábẹ́ aṣọ olówó tó wọ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí LX 450 tó ti fọ́ ní ọgbà mẹkáníìkì kan, ẹ yà wò ó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ọjà, Land Cruiser ni kí ẹ dárúkọ. Ẹni tó bá dárúkọ Lexus, owó Lexus ni wọ́n á pè fún un.

Bí oríkì ọkọ̀ bá ti wà lọ́wọ́, ó ku nọ́ńbà páàtì. Ẹ mú bírò, kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ibí yìí, torí òun ló ti gbà mí lọ́wọ́ ìnáwó jù.

Nọ́ńbà mẹ́wàá ni Toyota máa ń kọ sára páàtì rẹ̀, márùn-ún, àmì kékeré láàárín, márùn-ún. Nígbà mìíràn lẹ́tà á wà nínú márùn-ún ìkẹyìn. Márùn-ún àkọ́kọ́ ń sọ irú nǹkan tó jẹ́, márùn-ún ìkẹyìn ń sọ ọkọ̀ tó wà fún. 16100 ni wọ́tà pọ́ọ̀pù. 16400 ni rédíétọ̀. 11115 ni gáskẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì. 17801 ni fíítà afẹ́fẹ́, 90915 ni fíítà ọ́ìlì. 48511 ni ṣọ́ọ̀kù iwájú. 04465 ni páàdì bíréèkì iwájú, 04466 ni ti ẹ̀yìn. Bóyá Corolla lẹ ní tàbí jíìpù, lọ́pọ̀ ìgbà, márùn-ún àkọ́kọ́ kì í yí padà. Bí ẹnìkan bá ń fi ìbúra ta páàdì iwájú fún yín, tí 04466 sì wà lára páálí rẹ̀, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, kí ẹ dá a padà fún un. Ó lè má jẹ́ olè. Ó lè jẹ́ pé òun náà ò mọ̀ ni.

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo mọ̀ tí ẹ lè gbà rí nọ́ńbà náà. Àkọ́kọ́, ẹ wo ara páàtì tí wọ́n tú jáde. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n tẹ nọ́ńbà sí i, bóyá gbogbo rẹ̀, bóyá ìdajì. Ẹ fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, ẹ ó rí i. Ìkejì, àwọn tó ń ta ọkọ̀ Toyota ní kàtàlọ́ọ̀gì lórí kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá fún wọn ní nọ́ńbà ṣáásì, wọ́n lè bá yín wò ó, kódà bí ẹ ò bá ní rà á lọ́wọ́ wọn. Ẹ bẹ̀ wọ́n dáadáa. Ìkẹta, kàtàlọ́ọ̀gì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú, tó ya àwòrán ẹ̀yà ọkọ̀ ní títú palẹ̀ bí ẹran ọdún. Ọmọ iléèwé gíga tó bá wà nílé yín lè bá yín wá a. Bí nọ́ńbà tí wọ́n fún yín bá yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ara páàtì àtijọ́, ẹ má bínú. Ilé-iṣẹ́ máa ń fi nọ́ńbà tuntun rọ́pò ti àtijọ́ bí wọ́n bá tún páàtì náà ṣe. Ẹ béèrè pé, "Ṣé èyí ló rọ́pò tọ̀ún?"

Ohun mìíràn tí nọ́ńbà yìí ń jẹ́ kéèyàn mọ̀ ni pé Toyota kì í fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun gbogbo. Denso ń bá a ṣe nǹkan iná àti rédíétọ̀, Aisin ń bá a ṣe wọ́tà pọ́ọ̀pù àti kílọ́ọ̀ṣì, KYB ń ṣe ṣọ́ọ̀kù, Koyo ń ṣe bẹ́ríìn, NGK ń ṣe púlọ́ọ̀gì. Ohun kan náà lè wà nínú páálí Toyota, kó tún wà nínú páálí Aisin, kí ti Aisin sì dínwó. Ibi tí mo ti máa ń jẹun nìyẹn.

Ẹ̀rù máa ń ba àwọn èèyàn pé páàtì ọkọ̀ tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún ti tán láyé. Ti ẹ́ńjìnnì ò tán. Ẹ́ńjìnnì 1HZ tó wà nínú HZJ80, òun náà ni wọ́n ṣì ń fi sínú ìran 70 tí wọ́n ń tà nílẹ̀ Áfíríkà, tí àwọn àjọ àgbáyé àti àwọn aṣèrànwọ́ ń gùn lọ sí abúlé tí kò ní títì. Níwọ̀n ìgbà tí àwọn yẹn bá ń rìn, gáskẹ́ẹ̀tì yín wà ní ilé-ìkẹ́rùsí ibì kan. 1FZ náà pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ju ìran 80 lọ, ó wọ inú ìran 70 àti ìran 100 pẹ̀lú. Kódà fún ìran 40, bàbá àgbà, Toyota kéde ní 2021 pé àwọn yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwọn páàtì rẹ̀ kan. Ohun tó ń wọ́n ní tòótọ́ ni ara ọkọ̀: rọ́bà etí ilẹ̀kùn, ike iná, ọwọ́ ilẹ̀kùn, bọ́tìnnì ìṣígíláàsì, aago dáṣíbọ́ọ̀dù. Ohun tí oòrùn bá ti yan, tí kò sì sí lára ọkọ̀ mìíràn. Ẹ bá mi fi ìyẹn sọ́kàn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ ọjà. Ní Èkó, Ládipọ̀ tó wà ní Mushin ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀. ASPAMDA wà ní Trade Fair lọ́nà Badagry. Ìbàdàn ní Gate. Àwọn oníṣòwò ńlá tún máa ń gba ọjà láti Nnewi ní ìpínlẹ̀ Anambra. Nínú Ládipọ̀, ìsọ̀ kan lè jẹ́ pé iná iwájú nìkan ló ń tà, ìkejì rẹ̀ ò ní ju ẹ̀rọ sítíárìn lọ. Ẹni tó bá pè yín láti ẹ̀gbẹ́ títì pé òun ní gbogbo rẹ̀, kò ní nǹkan kan. Yóò lọ gbà á nísọ̀ ẹlòmíràn, yóò fi owó tirẹ̀ lé e. Ẹ rọra kọjá, ẹ wọnú lọ.

Ẹ mú àlòkù lọ́wọ́. Èyí ṣe pàtàkì ju ẹnu dídùn lọ. Èmi máa ń fi ọ̀rá dì í, màá gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì ọlọ́jà, màá wá ka nọ́ńbà fún un. Tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti máa ń pè mí ní "ọ̀gá". Láti ìgbà tí mo ti ń ka nọ́ńbà ni wọ́n ti ń pè mí ní "ẹnjiníà", owó tí wọ́n ń pè fún mi sì yàtọ̀.

Orúkọ mẹ́ta ni ẹ ó gbọ́ níbẹ̀: orijínà, Táíwàn, Bẹ́ljíọ̀mù. Orijínà ni èyí tó wà nínú páálí ilé-iṣẹ́ tàbí ti ẹni tó ń bá ilé-iṣẹ́ ṣe é. Táíwàn jẹ́ orúkọ ọjà lásán fún tuntun tí ẹlòmíràn ṣe. Ó lè dára, ó lè má dára, ó sì lè má mọ ilẹ̀ Táíwàn rárá. Bẹ́ljíọ̀mù ni àlòkù tó ti òkè òkun bọ̀. Ìlú Brussels ní àdúgbò kan, Heyvaert, tó ti jẹ́ ojúkò àwọn oníṣòwò ọkọ̀ àlòkù láti ọjọ́ pípẹ́, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó wá sí Kútọnu àti Èkó ti máa ń gba èbúté Antwerp kọjá. Jíìpù mi lè ti dúró níbẹ̀ rí, kò kàn lè sọ ni.

Mi ò kórìíra Bẹ́ljíọ̀mù. Ilẹ̀kùn, gíláàsì, àga, bọ́ńpà, ike gíà, irin ẹsẹ̀, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì: àlòkù wọn tó ti Yúróòpù bọ̀ lè sàn ju Táíwàn tuntun lọ, ó sì lè jẹ́ òun nìkan ló wà. Ohun tó bá jẹ́ rọ́bà, ohun tó bá ń fi ara gbo ara, ohun tó bá ń dá ọkọ̀ dúró, ẹ má rà á ní àlòkù. Ṣọ́ọ̀kù Bẹ́ljíọ̀mù tí wọ́n ti fi àkísà nù dán lè ti bá ẹlòmíràn rìn yí ayé ká. Táímìn bẹ́ẹ̀tì náà ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì 1HZ ń lò ó, wọ́n sì máa ń pàrọ̀ rẹ̀ ní bíi kìlómítà 100,000, iná kan tiẹ̀ wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń tàn láti rán awakọ̀ létí. Bó bá já lójú eré, fáàfù àti písítìnnì á kọlu ara wọn, àtúnṣe tí kò bá sì pa ẹ́ńjìnnì, á pa àpò. 1FZ ní tirẹ̀, ṣéènì ló ń lò, ẹ ò nílò bẹ́ẹ̀tì yẹn. Ó sì ti ṣẹlẹ̀ lójú mi tí wọ́n fẹ́ ta á fún ẹni tó ní FZJ.

Bó bá jẹ́ odindi ẹ́ńjìnnì lẹ fẹ́ rà, ẹ gba risíìtì tó ní nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì nínú, torí nọ́ńbà ti àtijọ́ ló wà nínú pátíkúlà yín, ìbéèrè ọlọ́pàá sì ń bọ̀ lọ́jọ́ kan. Bó bá jẹ́ ti HDJ80 àkọ́kọ́, onítúbò, ẹ ní kí wọ́n ṣí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wo bẹ́ríìn tó wà nídìí kọ́nírọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ tó sanwó. Àwọn tó mọ ẹ́ńjìnnì yẹn mọ̀ pé ibẹ̀ ló ti máa ń jẹ.

Ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì náà wà ńlẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa máa ń rán an lọ ra páàtì, a ó sì máa bínú lẹ́yìn náà pé ó fi owó lé e. Ṣé ẹ san owó ẹsẹ̀ rẹ̀ fún un? Ẹni tó fi ìdajì ọjọ́ wọ bọ́ọ̀sì lọ Ládipọ̀, tí ẹ ò fún ní kọ́bọ̀, ibo lẹ fẹ́ kó ti jẹun? Èmi àti tèmi ti jọ sọ ọ́ lójúkojú: owó ìrìn rẹ̀ ni iye báyìí, risíìtì á sì wọlé. Láti ìgbà náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ fún mi pé, "Ọ̀gá, èyí tí wọ́n kó wá yìí, fééèkì ni."

Àwọn mìíràn ní ẹ̀gbọ́n ní London, àbúrò ní Houston, wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá mi rà á ránṣẹ́." Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ rántí apá tí wọ́n ń gbà wakọ̀. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti kúrò ní apá òsì, tí a bọ́ sí apá ọ̀tún. Gẹ̀ẹ́sì, Jàpáánù àti Ọsirélíà ṣì wà lápá òsì. Bẹ́ríìn, páàdì, ṣọ́ọ̀kù, gáskẹ́ẹ̀tì, bí nọ́ńbà bá ti bá ara wọn mu, kò sí wàhálà. Àmọ́ ẹ̀rọ sítíárìn, dáṣíbọ́ọ̀dù, ọwọ́ wáípà, wọn ò ní wọlé. Èyí tó tiẹ̀ léwu jù ni iná iwájú, nítorí pé yóò wọlé rẹ́gírẹ́gí. Iná tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń ju ìmọ́lẹ̀ sókè sí apá òsì, síbi ewéko etí ọ̀nà wọn. Bó bá dé ọ̀dọ̀ wa, apá òsì ni ọkọ̀ tó ń bọ̀ wà. Ojú awakọ̀ tó ń bọ̀ láti Ṣágámù ni ẹ ó máa tàn án sí.

Ti Houston ní ìyà tirẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń wakọ̀ lápá ọ̀tún bíi tiwa, páàtì FZJ80 sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bẹntiróòlù nìkan ni Toyota tà fún wọn nínú ìran 80. Bí ẹ bá ní kí àbúrò yín wá páàtì 1HZ kiri níbẹ̀, ẹ̀ ń fìyà jẹ ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn oníṣòwò wa tó gbọ́n máa ń yà sí Sharjah, lẹ́bàá Dubai. Ọjà páàtì àlòkù ńlá wà níbẹ̀, apá ọ̀tún ni wọ́n ń gbà wakọ̀, Land Cruiser sì pọ̀ ní aṣálẹ̀ wọn bí ewúrẹ́ ṣe pọ̀ ládùúgbò wa. Ooru tiwọn ju tiwa lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rédíétọ̀ ọ̀dọ̀ wọn. Ti London, ohun fúyẹ́ ni kí ẹ ní kí wọ́n kó sínú báàgì bí wọ́n bá ń bọ̀ wálé fún Kérésì: rọ́bà, ṣíìlì, gáskẹ́ẹ̀tì. Orókún ẹsẹ̀ iwájú ìran 80, fún àpẹẹrẹ, máa ń làágùn òróró bó bá dàgbà. Toyota ń ta gbogbo rọ́bà àti gáskẹ́ẹ̀tì tó wà níbẹ̀ papọ̀ nínú páálí kan, lábẹ́ nọ́ńbà kan. Èèyàn lè fi páálí náà sáàárín ṣòkòtò méjì.

Èyí tí a bá wá tí a ò rí, ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ wa ló kù. Mi ò kì í fojú tín-ín-rín wò wọ́n. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ yí irin lè ṣe búṣìn tó máa pẹ́ ju ti inú páálí lọ. Àwọn tó ń jó rédíétọ̀ ti gbà mí lẹ́ẹ̀mejì. Gáskẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, wọ́n lè gé e látinú bébà líle kó sì má jò. Ṣùgbọ́n gáskẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé e fún yín. Rọ́bà bíréèkì tí wọ́n gé lára túùbù táyà, ẹ sá fún un bí ẹ ṣe ń sá fún ejò.

Ẹ ó ní mi ò tíì sọ ti ọ̀ṣọ́ ọkọ̀, torí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ríìmù tuntun, ihò mẹ́fà ni ìran 80 ní, ihò márùn-ún ni ìran 100, wọn ò lè yá ara wọn. Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ sókè ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ, ẹ yẹ họ́ọ̀sì bíréèkì wò bóyá ó ṣì tó. Irin ńlá iwájú tó dà bí ìwo màlúù wúwo, sípíríìnnì iwájú á mọ̀ ọ́n lára. Páìpù gígùn tó ń gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì iwájú lọ fa afẹ́fẹ́ lókè, ó wúlò fún ẹni tó ń gbé Lẹ́kí, torí bí omi bá wọ sílíńdà, kò ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́, kọ́nírọ́ọ̀dù ló máa tẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí gbé họ́ọ̀sì tín-ín-rín tí irin ẹsẹ̀ fi ń mí sókè pẹ̀lú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi á wọ inú òróró níbẹ̀. Ní ti táyà, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT. Bó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ìjọba ti fòfin de kíkó táyà àlòkù jíìpù àti ọkọ̀ kékeré wọ̀lú, síbẹ̀ ẹ ó rí i lẹ́bàá títì, wọ́n á ti fi nǹkan dúdú kùn ún.

Kí àkókò tó pé, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ omi yẹn ṣe parí. Mo ka irin pẹlẹbẹ inú bóńẹ́ẹ̀tì, mo rí FZJ80, mo rí wọ́tà pọ́ọ̀pù tó tọ́ rà nínú páálí Aisin, wọ́n fi sí i. Omi ṣì ń jò. A wá, a wá, ó rẹ mẹkáníìkì. Ọjọ́ kẹta ló na ọwọ́ sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, lábẹ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, níbi tí ojú ò lè dé, ó fọwọ́ kan họ́ọ̀sì kékeré kan tí kò gùn ju ìka lọ. Ó ti rọ̀ bí ẹ̀kọ. Gbogbo àwọn tó ní 1FZ káàkiri ayé ló mọ họ́ọ̀sì yẹn, wọ́n sì ń ṣépè fún un. Ó ní nọ́ńbà tirẹ̀, owó rẹ̀ ò sì tó ti odindi adìẹ. Wọ́tà pọ́ọ̀pù tí a tú kúrò ò ní nǹkan kan tó ṣe é. Ó wà lórí tábìlì mi bákan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì rẹ̀.

Ọkọ̀ náà ń rìn báyìí, kò jo omi, kò rú èéfín. Ọwọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá òsì ni a ò tíì rí, ó ti pé ọdún méjì. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, inú la ti máa ń ṣí i fún un, bí ìyàwó tuntun.